Orúnkún Kì Í Ṣe Páìpù

Tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, wọ́n á ti géètì Òpópónà Ìfẹ́lódùn ní Egan, lágbègbè Alimosho, pa. Kì í ṣe mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún o. Mẹ́wàá géérégé. Tí o bá ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, tí ẹsẹ̀ kejì ṣì wà níta, kí ẹsẹ̀ tó wà níta yẹn yáa wá ibi tó máa sùn.

Abdulganiyy, pulọ́ńbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gàní Páìpù, kò bá géètì ní ìjà kankan. Aago méje ti ń bá a nílé. Ìyàwó ẹ̀, Mọ̀dínátù, ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ilé ìtajà ńlá kan ní Dopemu ni Mọ̀dínátù ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n sì ń jẹ́ kó lọ. Kó tó rí ọkọ̀, kó tó bọ́ sílẹ̀ ní Igando, kó tó wọ kẹ̀kẹ́ dé Egan, alága àwọn onílé, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, ti ti géètì, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ti ń hanrun.

"Bàbá Súmbọ̀," Mọ̀dínátù sọ fún ọkọ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ẹ bá mi wo ojú mi dáadáa. Ṣé mo jọ ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ kẹ̀? Rárá o."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń tì mí mọ́ta? Ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù yìí! Àwọn ajá tó ń sùn níwájú géètì yẹn gan-an ti mọ orúkọ mi."

Gàní fọwọ́ sọ àyà. "Fọkàn balẹ̀, Ìyá Súmbọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀kítóbà ń bọ̀."

Ohun tó ń sọ nìyí. Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ òmìnira, àwọn onílé àti àwọn ayálégbé Òpópónà Ìfẹ́lódùn máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àdúgbò. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni wọ́n ń gbá a fún. Àwọn tó bá borí ló máa ṣòfin kan, gbogbo àdúgbò á sì pa á mọ́ fún ọdún kan. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn ayálégbé borí, wọ́n ní alága ló gbọ́dọ̀ máa kọ́kọ́ kí àwọn láàárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé kí wọn fún ọdún kan gbáko, bí ẹni tó ń gbé àgbo mì. Lọ́dún tó kọjá, àwọn onílé borí, wọ́n ní ayálégbé kankan ò gbọ́dọ̀ sin tòlótòló mọ́. Bí tòlótòló mẹ́tàdínlógún ṣe di ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn.

Tọdún yìí wá le ju gbogbo wọn lọ. Àwọn ayálégbé ní táwọn bá borí, géètì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí títí di aago mọ́kànlá àbọ̀. Àwọn onílé náà fèsì. Wọ́n ní táwọn bá borí, aago mẹ́sàn-án làwọn á máa tì í.

Mẹ́sàn-án! Ìyẹn ni pé Mọ̀dínátù á fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kó máa sùn sínú fíríìjì ilé ìtajà pẹ̀lú ẹja.

Ta ló máa wá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún àwọn ayálégbé? Gàní ni. Àmọ́ orúnkún ọ̀tún Gàní ti ń ṣe bákan. Ọdún méjìlá ló ti ń fi kúnlẹ̀ ní ìdí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì àwọn èèyàn. Tó bá fẹ́ dìde láàárọ̀, orúnkún náà á dún kẹ́ẹ́kẹ̀ẹ̀kẹ́ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún tí wọ́n ti kọ́ ilé. Tó bá fẹ́ lóṣòó, orúnkún náà á gbà dé ìdajì ọ̀nà, á ní òun ò lọ mọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Gàní rí fídíò kan lórí fóònù. Ọkùnrin kan tí igẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan wé orúnkún.

"Báńdì yìí máa ń jẹ́ kí oríkèé ara tú," ọkùnrin náà ní. "Ó dáa fún ẹni tó ń sáré, ẹni tó ń fò, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù." Ó wé e tán, ó lóṣòó, ó dìde, ó tún lóṣòó, ó tún dìde. Ó wá la ẹnu, ó ní, "Ní báyìí, ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni..."

Dátà Gàní tán.

Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀ lórí fóònù, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín. Ẹlòmíì á yáa lọ ra dátà. Gàní ní òun ti mọ ìyókù.

"Kí ló tún kù?" ó bi ara ẹ̀. "Ó ti wé e tán. Wíwé náà kúkú ni."

Ẹ sì mọ̀ pé pulọ́ńbà ni. Pulọ́ńbà wo ní Alimosho ni kò ní rọ́bà tíúbù nínú àpò irinṣẹ́ ẹ̀? Tíúbù ọ̀kadà tó ti bẹ́ ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ fọ́kánáísà, wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Tí páìpù bá ń jò, tí oníbàárà ò sì tíì ṣe tán láti ra tuntun, rọ́bà yẹn ni wọ́n á fi wé e. Òfin ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: fà á, fà á, fà á, títí ẹ̀kán omi kan ò fi ní rọ́nà jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Gàní fi ọ̀kan dán an wò. Ó rọra wé e mọ́ orúnkún, ó lóṣòó bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ni Mọ̀dínátù, tí kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bá ké sí i pé kó wá bá òun gbé gáàsì. Ó tú rọ́bà náà. Gbogbo ẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì. Àmọ́ bó ṣe dìde, orúnkún fúyẹ́! Kò dún kẹ́ẹ́kẹ̀ẹ̀kẹ́. Ó gbé gáàsì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi jó kiri pálọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ń fò bí ẹni tí èèrùn wọ ṣòkòtò ẹ̀?" Mọ̀dínátù bi í.

"Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo fi wé orúnkún o! Tí ìṣẹ́jú méjì bá dùn tó báyìí, tí mo bá wé e fún wákàtí méjì ńkọ́? Ṣé mi ò ní fò kọjá òrùlé báyìí?"

"Ẹ lọ bi Alàgbà Abraham ná. Ṣebí físíò ni wọ́n ní ọsibítù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tún iṣan àti oríkèé èèyàn ṣe."

"Alàgbà Abraham! Kípà àwọn onílé! Kí n fẹsẹ̀ ara mi gbé àṣírí ogun lọ bá ọ̀tá nílé?"

"Ọ̀tá tó fún yín lọ́sàn lánàá?"

"Ọsàn ni ọsàn, bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù, jàre."

Ọjọ́ òmìnira pé. Aago mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà tó di aago mẹ́ta àbọ̀, Goodluck, bábà tó ń gẹrun ládùúgbò, tó tún jẹ́ kápútìn àwọn ayálégbé, wá pe Gàní nílé. Ó bá a lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí garawa, ó ń fa rọ́bà bí ẹni ń fami nínú kànga jíjìn. Ó wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wé e láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó so ó ní kókó mẹ́ta.

"Ah-ah, Gàní! This thing no too tight?"

"Ó yẹ kó le. Páìpù tí mo wé fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé ó ti jò látìgbà yẹn?"

"Kò jò o."

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú tìẹ."

"Omi ló wà nínú ti páìpù. Kí ni ìyàtọ̀?"

Goodluck ronú sí i. Ó fọwọ́ họ orí. Kò rí ìyàtọ̀ náà.

Gàní wá mú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù, ó kùn ún sórí kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n má baà tú nígbà eré. Ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀ dunjú ni. Ó gbé ṣòkòtò gígùn wọ̀ lé e lórí, kí ọ̀tá má baà rí i, wọ́n sì jáde.

Pápá ti kún. Àwọn ọmọdé wà lórí ògiri, àwọn ìyá wọn wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé látilé. Al-Ameen ni rẹfirí. Télọ̀ ni, inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló ń sùn: kò nílé, kò sì gba yàrá, torí náà kò ṣe tibí, kò ṣe tọ̀hún. Ojú iṣẹ́ ló ti sá wá, sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ ṣì wà nínú àpò ẹ̀.

Fèrè dún, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ Gàní ń rìn ín yìnrìnyìnrìn. Ó sọ lọ́kàn ara ẹ̀ pé, "Agbára ti ń wọlé." Nígbà tó di ìṣẹ́jú karùn-ún, yìnrìnyìnrìn náà dáwọ́ dúró. Ó ní, "Agbára ti wọlé tán." Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ti kú tipiri ni.

"Gàní!" Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, tí àwọn náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn onílé, ké. "Ẹsẹ̀ mi lo dúró lé!"

"Ẹ má bínú sà, mo rò pé ilẹ̀ ni."

"Kúrò níbẹ̀ nígbà náà!"

"Mo ti kúrò sà."

"O ò tíì kúrò o!"

Gàní wo ìsàlẹ̀. Lóòótọ́ ni, bàtà ẹ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ alága. Ó ti pàṣẹ fún ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbọ́ àṣẹ. Ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ṣòkòtò ẹ̀ mú, kó gbé ẹsẹ̀ náà kúrò bí ẹni ń gbé òpó.

Ó rò ó pé kóun jáde. Àmọ́ ó gbójú wo ẹ̀gbẹ́ pápá, ó rí Mọ̀dínátù tó gbé Súmbọ̀ sẹ́yìn, tí òun àtàwọn obìnrin tó kù ń pariwo, "Mọ́kànlá àbọ̀! Mọ́kànlá àbọ̀!" Ó bá panu mọ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, Goodluck fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Ó ku Gàní, ó ku Alàgbà Abraham lẹ́nu àwọ̀n, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tí ìyàwó wọn fi ń gbé ìkòkò gbígbóná. Gàní ní kóun gbá a. Ìyókù ara ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró. Ó ṣubú gbì bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà Abraham ò rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò Gàní ti ká sókè nígbà tó ṣubú, wọ́n sì ti rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n fi ẹnu àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n sáré wá.

"Gàní, kí lo fi wé ẹsẹ̀?"

"Àṣírí ni sà."

"Àṣírí wo? Bọ́ bàtà yẹn fún mi!"

Wọ́n bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ń dán, ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Èékánná ẹ̀ ti dà bí aró. Alàgbà já àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà léèékánná.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Kí ló yẹ kó dùn mí sà?"

"Mo ń já ẹ léèékánná lẹ́sẹ̀."

Gàní gbórí sókè, ó wò ó. "Ṣé ẹsẹ̀ mi nìyẹn?"

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Mọ̀dínátù ti sáré dé, ó ti kúnlẹ̀ tì í. Gàní di ọwọ́ Alàgbà mú. "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa gé e? Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ o."

"Láti aago mélòó ló ti wà níbẹ̀?"

"Mẹ́ta àbọ̀ sà."

"Mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ló lù yìí. Àádọ́ta ìṣẹ́jú! Kí ẹnì kan lọ pe kẹ̀kẹ́. Ọsibítù ló ń lọ. Ẹ wá nǹkan tí mo máa fi gé rọ́bà yìí, kíá!" Wọ́n fọwọ́ kan kókó náà, kò mì. "Kí lo fi kùn ún?"

"Gọ́ọ̀mù páìpù, sà."

Alàgbà di ojú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ẹni tó ń tọrọ sùúrù lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Al-Ameen fa sísọ́ọ̀sì yọ. Látàárín èrò, obìnrin kan figbe ta: "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wò ó! Sísọ́ọ̀sì tó yẹ kó ti fi gé aṣọ mi láti oṣù Kẹjọ!"

"Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gé èyí ná," Al-Ameen bẹ̀ ẹ́.

Alàgbà ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà kí sísọ́ọ̀sì má baà kan ara. Wọ́n rọra ń gé e, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí ìkẹyìn já, rọ́bà náà fò, ó gbá alága nígbáyà. Ẹ̀jẹ̀ sáré padà sínú ẹsẹ̀. Gàní ké bí ẹni tí wọ́n da ata sí lára, tí wọ́n tún wá da èèrùn lé ata lórí.

"Yéè! Ó ń ta mí o! Ó ń ta mí!"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," Alàgbà ní. "Jẹ́ kó máa ta ẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń ta èèyàn, ó ti ń padà bọ̀ wálé nìyẹn. Èyí tí ò ta ẹ́ rárá ló ń bà mí lẹ́rù. Fi ìka ẹsẹ̀ jó fún mi."

Ìka márààrún mì. Mọ̀dínátù bú sẹ́kún, ó tún gbá ọkọ ẹ̀ lórí díẹ̀.

Gbogbo àsìkò yìí, kò sẹ́ni tó rántí bọ́ọ̀lù, àfi Goodluck. Bọ́ọ̀lù wà níwájú ẹ̀. Àwọ̀n òfìfo wà níwájú bọ́ọ̀lù. Fèrè ò sì tíì dún, torí pé ẹnu Al-Ameen là sílẹ̀ nígbà tó rí ẹsẹ̀ Gàní, fèrè sì jábọ́ nínú ẹ̀. Goodluck wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra fi ìka ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri, ó wọlé.

"Gòóòólù!" àwọn ọmọdé orí ògiri ké.

"Gòólù wo?" àwọn onílé náà ké.

Alàgbà ò gbójú sókè. Bí wọ́n ṣe ń retí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń wo bí àwọ̀ ẹsẹ̀ náà ṣe ń padà.

"Alàgbà," Mọ̀dínátù nu ojú, "ṣé báńdì tí wọ́n ń fi hàn lórí fóònù yẹn, nǹkan burúkú ni?"

"Kò burú, ìyàwó wa. Èmi náà ti fi ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá. Àmọ́ báńdì gidi fẹ̀, ó sì rọ̀, kì í ṣe tíúbù ọ̀kadà. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ oríkèé lọ sókè, kí wíwé kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú ẹ̀. A máa ń fà á níwọ̀nba. Tó bá lè fà dé ibi báyìí, ìdajì ibẹ̀ ti tó. Tá a bá wé e tán, a máa lóṣòó, a máa dìde, a máa na ẹsẹ̀, a máa ká a. Ìṣẹ́jú kan. Tó bá pẹ́ jù, méjì. Ká tú u. Lẹ́yìn tá a bá ti tú u la tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Gàní gbórí sókè. "Ìyẹn ni pé ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ, tí ọkùnrin inú fídíò fẹ́ sọ kí dátà mi tó tán..."

"Títú ni. Ohun tí ẹni yẹn fẹ́ sọ fún ẹ nìyẹn."

"Dátà igba náírà!" Mọ̀dínátù ní. "Ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi san án!"

"Èmi bi í o, sà," Goodluck ní. "Mo ní ṣé kò le jù. Ó ní páìpù ni."

"Páìpù kì í jẹun, Goodluck. Ẹsẹ̀ ń jẹun. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Tó o bá ti ojú ọ̀nà pa, ebi á kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà á kú. Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ọ́ yìnrìnyìnrìn, tàbí tó kú, tàbí tó tutù, tàbí tí àwọ̀ ẹ̀ ń yí padà, kì í ṣe agbára ló ń wọlé. Ẹsẹ̀ ń pè ọ́ ni."

Obìnrin tó ń wá aṣọ ẹ̀ sún mọ́ wọn. "Alàgbà, orúnkún ń dun màmá mi ní Baruwa. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n rà á fún wọn?"

"Má rà á o. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà, fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹ̀ rí, kí ó má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún. Ẹni tó ní egbò níbẹ̀, tàbí tí eegun ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tàbí tí rọ́bà máa ń bá ara ẹ̀ jà, kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Kí màmá kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ orúnkún wọn wò."

Kẹ̀kẹ́ kò tíì dé, ni Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé bá dìde. Wọ́n ṣì ń fọwọ́ pa àyà níbi tí rọ́bà ti gbá wọn.

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gòólù yìí o. Kípà ò sí nílé. Gòólù kò sí."

"Fèrè ò dún, sà!" Goodluck ní.

"Al-Ameen, o fọn fèrè àbí o ò fọn ọ́n?"

"Sà, mi ò mọ ibi tí fèrè wà gan-an."

Ariwo ta. Onílé ń ké, ayálégbé ń ké. Gàní gbọ́wọ́ sókè láti ilẹ̀ tó wà. "Ẹ fagi lé e," ó ní. "Alàgbà fi ẹnu àwọ̀n sílẹ̀ torí ẹsẹ̀ mi. Mi ò lè fi oore ẹni ẹlẹ́ni jẹ gòólù." Ó wo Mọ̀dínátù. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mọ̀dínátù mi orí díẹ̀ pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Alàgbà Abraham wá dìde, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ ìkòkò náà.

"Báyọ̀dé, jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ká ní ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yìí kú báyìí ní aago mọ́kànlá alẹ́, ibo ni kẹ̀kẹ́ máa gbà wọlé?"

"Wọ́n á pè mí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Orí fóònù wo?"

Alága tún fọwọ́ pa àyà. "Mo máa ń pa á tí mo bá fẹ́ sùn."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lóṣù yìí, sà," Mọ̀dínátù ní jẹ́jẹ́. "Kò lọ."

Kò sí onílé kan níbẹ̀ tí kò wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé lọ́gọ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pọ̀ ju ti àwọn ayálégbé lọ.

"Mọ́kànlá àbọ̀," Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé sọ níkẹyìn, bí ẹni tí wọ́n fa eyín ẹ̀ yọ. "Kọ́kọ́rọ́ kejì á sì wà lọ́wọ́ Alàgbà, torí wọn kì í pa fóònù. Àmọ́ kì í ṣe gòólù yẹn ló ṣe é o! Ọ̀mì la gbá!"

Kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n gbé Gàní lọ. Dókítà yẹ ẹ́ wò, ó ní iṣan kò bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, kó sinmi, kó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ó ní ká ní wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà parí ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, Alàgbà Abraham kọ́ Gàní bí wọ́n ṣe ń lo báńdì gidi. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń na iṣan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó máa fi fóòmù sábẹ́ orúnkún tó bá ń kúnlẹ̀ síbi iṣẹ́. Wọ́n sọ fún un pé báńdì kì í ṣe idán, pé àǹfààní ẹ̀ kò tó ariwo ẹ̀. Gàní máa ń fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Kó tó dún, ó ti ń tú u. Orúnkún náà ṣì ń dún kẹ́ẹ́kẹ̀ẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ìgbà míì, àmọ́ ó ń tẹ̀ délẹ̀. Mọ̀dínátù náà ń wọlé wẹ́rẹ́, kò sí ajá tó ń kí i mọ́.

Ẹ̀yin ará Alimosho, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sáré láàárọ̀ àtẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo báńdì, ẹ ra báńdì. Tíúbù, okùn àti aṣọ tó ti gbó kì í ṣe báńdì. Ẹ jẹ́ kí físíò tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n kọ́ yín lójúkojú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀tá yín lórí pápá lè jẹ́ ẹni tó máa gbà yín, torí náà ẹ má tijú láti béèrè. Ẹ wo fídíò dé ìparí. Ẹ má wé e sùn, ẹ má wọ̀ ọ́ ṣeré, ẹ má sì rò pé ohun tí díẹ̀ ẹ̀ bá dáa, púpọ̀ ẹ̀ ló máa dáa jù. Tẹ́ ẹ bá tú u tán, tí ara náà ṣì kú tàbí tó tutù, ẹ má dúró gbàdúrà sórí àga, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ìṣẹ́jú méjì ti pé. Ẹ tú u.